Ẹ̀ẹ̀melòó Lẹ Ti Gbé Àpò Yẹn Lọ Sọ́jà?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọlọ́jà, àwọn onílé àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa sọ n'Ìbàdàn nìyí. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ káàsán, ẹ̀yin bàbá. Ẹ̀yin onílé, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọlọ́jà tí ẹ ti ìsọ̀ yín ní ọ̀sán gangan nítorí ìpàdé yìí, mo kí yín lọ́tọ̀, nítorí mo mọ ohun tí wákàtí kan jẹ́ fún ẹni tó ń tajà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn pé ẹ pọ̀ tó báyìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ ọjà gan-an la sì wá sọ lónìí.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ óò fara dà á fún mi bí mo bá ń béèrè ìbéèrè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rèé: kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná yín?

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀rá ńlá kan ló wà níbẹ̀, ọ̀rá kéékèèké ló sì kún inú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn àpò tí ẹ gbà lóde ìnáwó, èyí tó ní àwòrán olóògbé, èyí tó ní àwòrán ìyàwó, èyí tí wọ́n fi ṣe ìwúyè. Ta ni kò ní in nílé nínú wa? Kò sí.

Ohun tí mo fà jáde nínú gọ́tà

Lọ́dún tó kọjá, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, èmi àti àwọn ọmọ ilé mi bọ́ sínú gọ́tà iwájú ilé wa ní Sátidé ìmọ́tótó. Ọmọkùnrin ilé wa mú ṣọ́bìrì, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ṣọ́bìrì kò wọlé. Ó tún un sọ, ó ta padà. Mo rò pé òkúta ni. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ọ̀rá ni. Ọ̀rá dúdú, yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀, ọ̀rá omi lórí yẹ̀pẹ̀, yẹ̀pẹ̀ mìíràn, ọ̀rá mìíràn, ó tò léra wọn bí ìgbà tí wọ́n bá to ẹ̀kọ sínú agbọ̀n. Ọwọ́ la padà fi ṣe é. Bí a bá fa ọ̀kan, mẹ́ta á tẹ̀ lé e bí gbòǹgbò.

Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti fa ohun kan tó nípọn jáde. Mo fi omi ṣàn án. Àpò ìnáwó ni. Àwòrán ìyá kan wà lára rẹ̀, gèlè wọn dúró ṣánṣán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún ni. Ọdún tí wọ́n kọ sábẹ̀ rẹ̀ ni 2014. Gèlè yẹn ṣì pupa, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti lo ọdún gbọọrọ lábẹ́ ẹrẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí.

Mo dúró, mo ń wò ó. Ohun tó dùn mí jù ni ọwọ́ àpò náà. Kò já. Ojú rírán rẹ̀ kò tú. Kò sí àbààwọ́n ata, kò sí ibi tí iṣu ti gún un. Ẹni tó gbà á lóde kò jọ ẹni tó tún gbé e lọ síbì kankan mọ́. Àpò tí wọ́n ṣe kó lè pẹ́ lọ́wọ́ wa, inú gọ́tà ló ti pẹ́. Ọ̀rá àlòsọnù wà nínú gọ́tà mi, àpò àlòtúnlò náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì dí omi lọ́nà.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé bí wọ́n bá pè mí láti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rá, mi ò ní wí pé ọ̀rá burú, àpò dára, kí n sì jókòó. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí la fi ṣe wọ́n?

Ohun tí à ń pè ní náílọ́ọ̀nù lọ́jà kì í ṣe náílọ́ọ̀nù. Políétílìn ni. Ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣèèṣì rí i lọ́dún 1933. Gáàsì àti epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe é, a sì ń ṣe é ní Nàìjíríà níhìn-ín, ní Eleme lẹ́gbẹ̀ẹ́ Port Harcourt. Ẹni tó ṣe irú ọ̀rá ọlọ́wọ́ méjì tó gba gbogbo ayé kan ni Sten Gustaf Thulin, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Sweden. Ọdún 1965 ni wọ́n gba ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn? Ó ní nígbà yẹn, igi tí wọ́n ń gé nítorí àpò bébà ń pọ̀ jù, bàbá òun sì fẹ́ ohun tó fúyẹ́ tí èèyàn á máa lò léraléra. Ó ní ọ̀kan kì í kúrò nínú àpò ẹ̀wù bàbá òun, á ká a mọ́bẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ṣe ọ̀rá kò ṣe é fún jíjù nù. Àwa la sọ ọ́ di àlòsọnù.

Àpò ìnáwó wa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé aṣọ ni. Kì í ṣe aṣọ. Políprópílìn ni, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ọ̀rá, òun kàn nípọn ni. Ìwádìí kan tí mo máa tó mẹ́nu bà gbé gbogbo wọn sórí ìwọ̀n. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 8. Àpò bíi ti òde ìnáwó jẹ́ 116. Àpò tí wọ́n fi òwú hun jẹ́ 183. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òṣùwọ̀n tajà, ẹ bá mi ṣe é: àpò òwú kan ṣoṣo, ọ̀rá 22 kò wúwo tó o.

Gbèsè tó wà lọ́rùn àpò

Mo fẹ́ kí ẹ fojú gbèsè wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí gbogbo wa la mọ gbèsè. Kò sí àpò tó ń ti ilé iṣẹ́ jáde láìjẹ gbèsè. Iná tí wọ́n dá sí i, omi tí wọ́n lò, èéfín tó jáde, epo ọkọ̀ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, gbèsè ni gbogbo rẹ̀. Ayé ló yá wa. Ìgbà tí ẹ bá gbé àpò náà lọ sọ́jà, tí ẹ kò gba ọ̀rá tuntun, ẹ san díẹ̀. Bí ẹ bá gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ kò san nǹkan kan.

Lọ́dún 2011, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé, lórí ọ̀rọ̀ èéfín tó ń mú kí ayé máa gbóná, ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn gbọ́dọ̀ lo àpò kọ̀ọ̀kan kó tó sàn ju ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí a lò lẹ́ẹ̀kan tí a sì jù nù? Àpò bébà, ìgbà 3. Ọ̀rá tó nípọn tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ìgbà 4. Irú àpò ìnáwó wa, ìgbà 11. Àpò òwú, ìgbà 131.

Ìgbà 131! Ẹni tó ń lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ á lò ó fún ọdún méjì ààbọ̀ kó tó bọ́ nínú gbèsè yẹn. Bí èèyàn bá sì jẹ́ ẹni tó máa ń fi ọ̀rá ọjà rẹ̀ da ìdọ̀tí nù, gbèsè àpò òwú tún ga sí i, nítorí ọ̀rá náà ti ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fọ ọ̀rá tí ẹ ń sá a sórí okùn, tí àwọn ọmọ yín ń fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ kò ṣe ohun ìtìjú kankan. Ẹ̀ ń san gbèsè ni.

Lọ́dún 2018, àwọn ará Denmark tún ṣe tiwọn. Wọn kò wo èéfín nìkan. Wọ́n wo omi, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo oró tó ń wọ inú odò àti afẹ́fẹ́, wọ́n wá mú èyí tí àpò kọ̀ọ̀kan ti burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní àpò òwú gbọ́dọ̀ lọ sọ́jà nígbà 7,100. Èyí tí wọ́n gbin òwú rẹ̀ láìlo kẹ́míkà, ìgbà 20,000, nítorí pé òwú bẹ́ẹ̀ kì í so púpọ̀ lórí ilẹ̀ kan náà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìgbà 20,000 lé ní ọdún 380. Ọmọ-ọmọ-ọmọ yín kò ní san án tán. Àmọ́ kí ẹ tó fi iye yẹn sọ àpò òwú nù, ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀: bí a bá ti èéfín nìkan wò ó nínú ìwádìí kan náà, ìgbà 52 ni fún àpò òwú lásán, ìgbà 149 fún èyí tí kò gba kẹ́míkà. Ohun tí èèyàn bá gbé sórí ìwọ̀n ni ìwọ̀n máa sọ.

Ṣé gbèsè òwú yẹn kì í ṣe àsọdùn? Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Adágún Aral, láàrin gbùngbùn Éṣíà. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni ìjọba Soviet ti ń darí odò méjì tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ lọ sí oko, oko òwú ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Ó wà lára adágún tó tóbi jù láyé nígbà náà. Lónìí, ọkọ̀ apẹja tó ti dípẹtà ló dúró sórí iyanrìn níbi tí omi wà tẹ́lẹ̀, èèyàn á wo ìwájú wo ẹ̀yìn, kò ní rí omi. Òwú ló mu ún.

Ti bébà kò gba àkókò wa. Ó máa ń jẹrà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé tòmátò sínú bébà lóṣù keje n'Ìbàdàn, kó máa ṣa tòmátò rẹ̀ nílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Èyí tó kàn wá jù nínú ti òyìnbó ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni wọ́n ti ń gba owó lórí ọ̀rá fẹ́lẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rá náà wálẹ̀ wẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ká àpò sínú báàgì wọn kí wọ́n tó jáde. Ṣùgbọ́n àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì gbé ọ̀rá nínípọn jáde, wọ́n pè é ní àpò ayérayé. Nígbà tó fi di 2019, àwọn èèyàn ti ra èyí tó lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ láàrin ọdún kan, ó ju 50 lọ fún ilé kọ̀ọ̀kan. Àpò ayérayé 50 lọ́dún kan! Ṣé ẹ rí i pé wọn kò fi ọ̀rá sílẹ̀? Wọ́n fi ọ̀rá fẹ́lẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ju ọ̀rá nínípọn nù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ohun tí ìwọ̀n wọn kò wọ̀n

Níbi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbé etí yín súnmọ́ mi. Àwọn ará Denmark kọ ọ́ sínú ìwádìí wọn pé àwọn kò ka ọ̀rá tó ń fò kiri ìgboro mọ́ ọn, nítorí pé kò tó nǹkan lọ́dọ̀ wọn. Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wọn, ọkọ̀ akólẹ̀ ń dé. Wọ́n ń jó ìdọ̀tí níbi tí wọ́n kọ́ fún un, wọ́n sì ń fi ooru rẹ̀ mú ilé wọn gbóná nígbà òtútù.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ìgbà wo ni ọkọ̀ akólẹ̀ dé òpópónà yín gbẹ̀yìn? Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ̀yìnkùlé la ti ń jó ọ̀rá, àwọn ọmọ wa ló ń fa èéfín rẹ̀ símú. Èyí tí a kò jó, atẹ́gùn á gbé e, òjò á tì í, gọ́tà á gbà á. Ẹ̀yin alápatà tó jókòó lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́rìí mi: ẹ ti la àpòlúkù màlúù tó jẹ̀ lórí ààtàn rí, ẹ sì ti bá ọ̀rá tó wé jọ bíi bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Màlúù kò lè yà á, kò sì lè pọ̀ ọ́.

N'Ìbàdàn yìí, ta ló fẹ́ kọ́ wa ní ohun tí omi lè ṣe? Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa jáde. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí, ẹ rí i. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún jáde, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọ̀rá ló fà á. Ilé tí a kọ́ sétí odò wà níbẹ̀, òjò tí kò dá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pàǹtírí tó kún ojú omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: ọ̀rá ata kan lónìí, ọ̀rá búrẹ́dì kan lọ́la, títí ṣọ́bìrì kò fi ní í wọlé mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí Bangladesh di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fòfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́ lọ́dún 2002 nìyẹn. Omíyalé 1988 àti ti 1998 ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n, ọ̀rá ló dí ojú gọ́tà wọn. Rwanda ṣe tirẹ̀ ní 2008. Kenya ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2017, òfin wọn sì le: ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún mẹ́rin, owó ìtanràn lè tó mílíọ̀nù mẹ́rin ṣílè tiwọn. Lẹ́yìn náà, irú àpò ìnáwó wa ló gba ọjà wọn, wọ́n ń ṣe é ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èèyàn ń lò ó lẹ́ẹ̀kan ó ń jù ú nù. Lọ́dún 2019, àwọn aláṣẹ àyíká wọn kéde pé àwọn máa fòfin de èyí náà. Mo ronú kan ìyá onígèlè pupa inú gọ́tà mi nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2025. Ọ̀rá tí kò nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 40 ni wọ́n fòfin dè. Báwo nìyẹn ṣe tinrín tó? Bí ẹ bá to ọ̀rá tó jẹ́ 40 gan-an léra wọn, 25 ló máa nípọn tó mìlímítà kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n fi ń di ata fún wa tún tinrín ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí pé nínú ọ̀rá fẹ́lẹ́ àti àpò nínípọn, èwo ló sàn n'Ìbàdàn, èsì mi kò dà bíi ti ará Denmark. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀rá fẹ́lẹ́ lè jàre. Lọ́dọ̀ wa, kò lè jàre, nítorí gọ́tà wà lórí ìwọ̀n tiwa. Àmọ́ àpò nínípọn náà kò jàre títí ẹ óò fi gbé e jáde.

Apẹ̀rẹ̀ ìyá mi, àti ọmọ alátòmátò

Ìyá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, ní apẹ̀rẹ̀ kan. Okùn rọ́bà aláwọ̀ ewé àti funfun ni wọ́n fi hun ún. Wọ́n rà á lọ́dún 1979, wọ́n lò ó di 1995. Ọwọ́ rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, wáyà ni bàbá mi fi so ó. Lẹ́ẹ̀kejì, aránbàtà ló rán an, ó fi awọ dúdú wé e, àwọ̀ rẹ̀ kò bá ara mu, ìyá mi sì ń gbé e lọ sọ́jà bẹ́ẹ̀. Ẹran á wà nínú abọ́ olómorí nísàlẹ̀, iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀fọ́ lókè. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọdún 16, ìgbà 832 nìyẹn. Rọ́bà ni apẹ̀rẹ̀ yẹn o, ẹ má gbàgbé. Kì í ṣe òwú, kì í ṣe ewé. Ó ti san gbèsè rẹ̀ tán kí n tó wọ iléèwé gíga.

Ní ti ewé, mi ò tilẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ó máa gùn. Ẹ̀kọ nínú ewé gbódógì, mọ́ín-mọ́ín nínú ewé éérán. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, ó parí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé àpò mi lọ sí Bódìjà. Ọmọbìnrin kan ń ta tòmátò. Kí n tó la àpò, ó ti fi ọ̀rá méjì bọ ara wọn.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rá sí i, Màámi, kó má baà ba àpò yín jẹ́."

Mo ní, "Rárá, ọmọ mi, dà á sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo máa fọ̀ ọ́."

"Ọ̀fẹ́ ni o, Màámi."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ta ló rà á?"

Ó wò mí. Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Èmi ni mo rà á."

A jókòó, a ṣírò rẹ̀ pọ̀ lórí àpótí rẹ̀. Ìdì ọ̀rá kan kì í bá a dọ̀sán. Ó ti ń rà á fún ọdún mẹ́fà, kò fìgbà kan kọ ọ́ sínú owó ọjà rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà, èló lẹ fi ń ra ọ̀rá lóṣù kan? Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ òní.

Ní Ireland, owó ni wọ́n gbé lé ọ̀rá lọ́dún 2002, ọ̀rá sì fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wálẹ̀. Àwa ní ohun tó dára ju owó ìtanràn lọ. A ní èènì. Ẹni tó bá gbé àpò tirẹ̀ wá, ẹ má fún un ní ọ̀rá. Ẹ fi owó ọ̀rá yẹn ṣe èènì fún un. Tòmátò méjì, ata mẹ́ta. Ẹ sọ ọ́ sókè kí àwọn tó kù gbọ́: "Èènì àpò rèé o!" Bí ìsọ̀ mẹ́wàá bá ṣe é lórí ìlà kan fún oṣù kan, ẹ jẹ́ ká jọ wá wo gọ́tà ọjà náà.

Ẹ̀yin tó ń múra ìnáwó, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá máa pín àpò, ẹ pín èyí tó lè gbé ìbọ́ gàrí mẹ́rin, tí wọ́n rán ọwọ́ rẹ̀ yí ìdí po. Bí agbára kò bá ká a, ẹ fi àpò sílẹ̀, ẹ pín abọ́. Èyí tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ mi kó o jù nù! Ẹ mú méjì, ẹ ká ọ̀kan sínú báàgì, ẹ fi ọ̀kan sínú ọkọ̀ tàbí lórí ọ̀kadà. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó gbẹ, nítorí omi ẹran kì í ṣe ohun eré. Ẹ fi bírò fa ìlà kan sínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé e lọ sọ́jà. Mo ti fa ìlà 37 sínú tèmi. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá kà á lẹ́yìn ìpàdé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo rí ọwọ́ ìyá kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó ti wà lókè láti ìgbà tí mo ti dárúkọ omi ẹran. Ẹ fún wọn ní máìkì, ẹ jẹ́ ká gbọ́ wọn.